Ọdún 1493: Bí Ìtẹ́ Songhai Ti Bọ́ Lọ́wọ́ Ìdílé Sonni

Ọdún 1492 ni àwọn òpìtàn máa ń dárúkọ jù, nítorí pé nínú rẹ̀ ni Columbus la òkun já, nínú rẹ̀ pẹ̀lú ni ìlú Granada bọ́ sí ọwọ́ ọba àti ayaba Spéìn. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni èmi fẹ́ kí a yẹ̀ wò, etí Odò Ọya ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀, ní Gao, olú ìlú Songhai.

Sonni Ali ni ó jọba níbẹ̀ láti ọdún 1464. Jagunjagun ni í ṣe. Ó kó Timbuktu ní 1468, ó sì dó ti Jenne títí ọwọ́ rẹ̀ fi tẹ̀ ẹ́. Ní November 1492 ó kú ní ojú ọ̀nà, bí ó ti ń ti ogun Gurma bọ̀. Al-Sadi, ọ̀mọ̀wé Timbuktu tí ó kọ ìtàn náà ní nǹkan bí ọdún 1655, wí pé ìṣàn omi ni ó gbé e lọ. A fi Baru ọmọ rẹ̀ jọba. Ṣùgbọ́n Muhammad Ture, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ogun baba rẹ̀, dìde sí i ní February 1493, nígbà tí ó sì di April wọ́n tún pàdé ní Anfao, lẹ́bàá Gao. Ìjà náà burú púpọ̀. Baru sá gba ìsàlẹ̀ odò lọ sí Ayorou, Muhammad sì gba oyè tí à ń pè ní Askia.

Kí ni ó fà á? Àwọn ìwé Timbuktu wí pé Baru kọ̀ láti gba ẹ̀sìn Ìmàle ní gbangba. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó kọ ìwé: àwọn ọ̀mọ̀wé tí Sonni Ali ti pọ́n lójú, tí Askia sì bu ọlá fún. Ní tèmi, ọ̀ràn ìtẹ́ ṣáájú ọ̀ràn ẹ̀sìn. Muhammad kì í ṣe ọmọ ọba. Bí ó bá ṣe ọ̀dọ̀ wa ni, àwọn afọbajẹ ìbá bi í léèrè ilé tí ó ti jáde wá. Èyí tí ìbí kò fún un ni ó lọ wá ní Mẹ́kà láti 1496 sí 1498, pẹ̀lú 300,000 owó wúrà, gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti kà á. Nígbà tí ó sì dé, ó bi al-Maghili, àlùfáà kan láti Àríwá, ní ìbéèrè nípa Sonni Ali. Èsì tí ó gbà ni pé kèfèrí ni ọkùnrin náà. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ó ti gba ìjọba kí ìdáláre yìí tó dé!

Al-Maghili yìí kan náà ni ó ti ru àwọn ènìyàn sókè sí àwọn Júù ní Tuwat, nínú aṣálẹ̀, tí a fi wó sínágọ́gù wọn. Ní May 1493 ẹ̀wẹ̀, Pópù Alexander Kẹfà pín àwọn ilẹ̀ tí òun kò rí rí fún Spéìn. Ní ọdún yẹn pẹ̀lú ni ọba Pọtogí fi àwọn ọmọ Júù kéékèèké, tí a já gbà lọ́wọ́ àwọn òbí wọn tí wọ́n sá wá láti Spéìn, ránṣẹ́ sí erékùṣù São Tomé, tí ó wà nínú òkun níhà gúúsù wa. Púpọ̀ nínú wọn kú níbẹ̀.

Askia jọba títí di 1529, nígbà tí Musa, ọmọ tí ó bí, rọ̀ ọ́ lóyè. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹni tí ó jẹ lẹ́yìn Musa lé e lọ sí erékùṣù kan nínú Odò Ọya, kí Ismail, ọmọ rẹ̀ mìíràn, tó mú un padà wá sí Gao, níbi tí ó kú sí ní 1538.