Àjọjẹ àti Ìjọsìn Láàrin Àwọn Obìnrin Ìjọ

Àwọn baba wa a máa pa á ní òwe pé, àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn oúnjẹ àti ìsìn láàrin àwọn obìnrin ìjọ, kí ó di òwe yìí mú. Nítorí ohun tí ó wí ni ó da ìjọ Kọ́ríńtì rú ní ìwọ̀n ọdún 55 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Nínú ilé kan náà, àwọn tí ó ní a máa jẹ tiwọn ṣáájú, ebi a sì máa pa àwọn tí kò ní. Paulu bá wọn wí gidigidi. Kí ẹ kíyèsí i pé kò pe oúnjẹ ní ẹ̀ṣẹ̀. Dídójú ti aláìní ni ó kà sí ẹ̀gàn sí ìjọ Ọlọ́run.

Ní ìwọ̀n ọdún 112, Pliny, gómìnà ilẹ̀ Bitinia, kọ̀wé sí Trajan ọba Romu nípa àwọn onígbàgbọ́. Ó ròyìn pé wọn a máa kọrin sí Kristi kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a túká, wọn a sì tún péjọ láti jẹ oúnjẹ lásán tí kò ní ibi nínú. Láti wádìí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi ìyà jẹ ẹrúbìnrin méjì tí a ń pè ní ìránṣẹ́ ìjọ. Òfin rẹ̀ sì dá àjọjẹ náà dúró. Ẹ rí i pé láti ìgbà láéláé ni àwọn obìnrin ti wà nídìí ọ̀ràn yìí, tí wọ́n sì ti jìyà nítorí rẹ̀.

Nínú ọ̀rúndún kẹrin, àpéjọ àwọn olórí ìjọ ní Laodikea pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ jẹ àsè ìfẹ́ nínú ilé Ọlọ́run mọ́. Ìsìn dúró nínú ilé, oúnjẹ sì bọ́ síta.

Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó tún pàdé. Ní ọjọ́ 13 oṣù August ọdún 1727, ní Berthelsdorf nítòsí Herrnhut ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn ará Moravia tí ìjà ti yà nípá jọ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọkàn wọn rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fẹ́ túká, ìjòyè Zinzendorf sì fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn. John Wesley bá irú àsè bẹ́ẹ̀ pàdé ní Savannah ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1737, ó sì mú un wọ inú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ó ṣètò pé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta kí àwọn ọkùnrin ní alẹ́ tiwọn, kí àwọn obìnrin ní tiwọn, kí gbogbo wọn sì péjọ ní alẹ́ kẹta. Àkàrà òyìnbó díẹ̀ àti omi ni oúnjẹ wọn. Ọgbọ́n ńlá ni èyí: níbi tí oúnjẹ bá kéré tí ó sì dọ́gba, olówó kò ní ohun tí yóò fi yangàn, ojú kò sì ní í ti tálákà. Ẹgbẹ́ Wesley yìí ni ó gúnlẹ̀ sí Bàdágìrì ní ọdún 1842.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Ẹdẹ, ìlú Tìmì, lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun. Nínú ọ̀rúndún 19 ni Tìmì Abíbù Lágúnjú, tí í ṣe Mùsùlùmí, jọba níbẹ̀, Mùsùlùmí sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú náà. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba ní ọdún 1946 títí di ọdún 1975, ọba tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa ìlù lílù. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, obìnrin ìjọ kò lè dáná fún kìkì àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin. Mùsùlùmí lè ni ìyá rẹ̀, tàbí ọkọ àbúrò rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, bí onígbàgbọ́ bá ń ṣe àsè, a pe Mùsùlùmí kí ó wá dúńbú ẹran, kí gbogbo ẹbí lè jẹ nínú ìkòkò kan. Ní Iléyá, ẹran a ti ilé Mùsùlùmí wá. Ní Kérésìmesì, ìrẹsì a ti ilé onígbàgbọ́ lọ.

Ewu kan ṣì kù, kò sì jìnnà sí wa. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá dá owó àsè, tí ó sì dá aṣọ ẹgbẹ́, opó tí kò ní yóò jókòó sílé, yóò sì wí pé ara òun kò yá. Kọ́ríńtì ni ó padà wá yìí, bí ó tilẹ̀ ṣe pé orin dùn, tí àdúrà gùn, tí gbogbo ènìyàn sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọ̀wọ̀ ìsìn kò sí nínú ìdákẹ́jẹ́ nìkan. A tún ń mọ̀ ọ́n nípa ẹni tí a dúró dè kí a tó ṣí ìkòkò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, nígbà tí a bá rán yín láti gbé àwo kiri níbi ìpàdé àwọn ìyá yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn.