Wáyà Ló Kọ́kọ́ Débẹ̀, Ilé Ló Lọ Bá A

Bí èèyàn bá ń wá ilẹ̀ owó pọ́ọ́kú lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn lónìí, yálà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, wọ́n lè mú un dé abẹ́ wáyà háítẹ́ǹṣọ̀n. Ìyàwó á gbójú sókè, á ní: "Ṣé èyí ò ní kó àìsàn bá àwọn ọmọ wa?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká tọ ìtàn rẹ̀ láti ìpilẹ̀.

Ọdún 1969 ni ìjọba Gowon ṣí ìsédò Káínjì. Wáyà 330,000 fólìtì ló ń gbé iná wá sí gúúsù. Ó dé Òṣogbo. Láti Òṣogbo, ó wọ ibùdó Ayédé ní Ìbàdàn. Nígbà náà, oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ lẹ́yìn ìlú. Àgbẹ̀ kàn ń gba abẹ́ wáyà kọjá ni, kì í sùn síbẹ̀. Nígbà tó yá, ìlú fẹ̀, ilé sì lọ bá wáyà.

Ọdún 1979 ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ gbòde. Ní ìlú Denver, Amẹ́ríkà, Nancy Wertheimer àti Ed Leeper rí i pé àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ pa sábà máa ń gbé nítòsí wáyà alágbára ju àwọn ọmọ yòókù lọ. Àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn náà wá a wò. Ní 2000, wọ́n kó ìwádìí púpọ̀ pọ̀: níbi tí agbára òòfà iná inú ilé bá ti ju 0.4 microtesla lọ, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àmọ́ àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni, ilé bẹ́ẹ̀ náà ò sì pọ̀.

Ní 2002, àjọ IARC, tó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Wọn ò sọ pé ó dájú bíi ti sìgá. Títí di òní, kò sẹ́ni tó tíì fi ọ̀nà tó ń gbà fà á hàn. Ohun tó dájú ni pé bí èèyàn bá ṣe ń jìnnà sí wáyà, bẹ́ẹ̀ ni agbára òòfà náà ń dín kù.

Ẹjọ́ jẹjẹrẹ ò tíì parí, ṣùgbọ́n ti wáyà tó já ti parí. Ní April 2017, wáyà háítẹ́ǹṣọ̀n já lu ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Calabar. Àwọn tó wá wo Manchester United kú níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí òfin fi ní kí ilé jìnnà sí àárín wáyà 330,000 fólìtì ní mítà 25 lọ́tùn-ún lósì, mítà 15 fún ti 132,000. Ọmọ onílẹ̀ lè má sọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí ilẹ̀ náà bá bọ́ sínú ààlà yẹn, ìjọba lè wó ilé, owó á sì wọgbó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wá ilẹ̀.