Ẹja Àkúrẹ́, Ẹja Jos: Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹja ló ń mú àwọ̀ rẹ̀ yọ

Ìtàn tòní kan àwa tí a kúrò nílé wá sí Òkè Ọya, àmọ́ ẹja la máa fi sọ ọ́.

Ẹja kékeré kan wà nínú odò tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ igi, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Akọ rẹ̀ búlúù bí aró, ó ní tó-tò-tó pupa lára. Lọ́dún 1911 ni Boulenger kọ nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó pè é ní gardneri. Nígbà tó yá, àwọn tó ń sin ẹja kó o lọ sókè òkun. Ẹyin rẹ̀ kì í tètè kú nínú ewéko tútù, nítorí náà wọ́n ń fi í ránṣẹ́ bíi lẹ́tà. Orúkọ ibi tí wọ́n ti mú un ni wọ́n fi ń dá a mọ̀: Akure, Lafia, Makurdi, Jos Plateau. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ rí ń sin "Akure" nínú gíláàsì nílùú òyìnbó!

Ọ̀kan nínú wa níbí ra ẹja ẹlẹ́wà sí ṣọ́ọ̀bù, ó da òkúta funfun sísàlẹ̀ kó lè mọ́ dáadáa. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọ̀ ẹja ṣí. Ó ní wọ́n lu òun ní jìbìtì ni. Irọ́ o.

Láàárín 1870 sí 1879, Pouchet, ọmọ Faransé, rí i pé ẹja pẹlẹbẹ inú òkun máa ń dà bí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ tí kò bá ní ojú mọ́, kò lè ṣe é. Lọ́dún 1911, Sumner, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń gbìyànjú láti fara jọ ilẹ̀ tó rí bíi pátákó dráfù pàápàá. Ojú ló ń rí ilẹ̀, ara ló ń dáhùn. Lórí ilẹ̀ funfun, àwọ̀ dúdú inú awọ ẹja á kó ara jọ sójú kan, ẹja á ràn. Lórí ilẹ̀ dúdú, á tàn ká, búlúù àti pupa á sì yọ dáadáa.

Kí la wá ṣe? A kó òkúta funfun kúrò, a da yanrìn dúdú tí a ti fọ̀ sí i, a lẹ bébà dúdú mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì lóde, a sì ju ewé fúrúùtù gbígbẹ sínú omi. A fi edé wẹ́wẹ́ kún oúnjẹ rẹ̀, torí inú oúnjẹ ni ẹja ti ń rí ọ̀pọ̀ àwọ̀ pupa. Díẹ̀díẹ̀, ẹja padà dà bó ṣe wà.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, tí a ń sọ pé wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣé kì í ṣe òkúta funfun la dà sábẹ́ wọn? Ẹja "Akure" ṣì ń jẹ́ Akure lókè òkun, ilẹ̀ tí wọ́n bá tẹ́ fún un ló kù. Ẹ jẹ́ ká máa sọ èdè wa nílé o.