Ọ̀nà Ọ̀fun Dídùn ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ọ̀nà ọ̀fun dídùn ni ìrora tó ń mú ẹ̀yìn ẹnu àti ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé, débi pé itọ́ lásán á di ohun tí a ń fi ìnira dá mì. Ohùn lè há, ọrùn lè wú, ibà sì sábà máa ń bá a rìn. Ọ̀fìnkìn ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí i ká, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá gba afẹ́fẹ́ kan, kì í sì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àyọkà yìí kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ọ̀fun dídùn tó gba àlàyé ni èyí tí oògùn ọ̀fìnkìn kò ràn, tí oògùn ibà kò ràn, tí àwọn olùtọ́jú sì ń yí orúkọ rẹ̀ padà bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Díẹ̀ ni irú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú díẹ̀ yẹn ni ibà Lassa àti dífítéríà máa ń fara pamọ́ sí.

Ìdí tí kì í fi tètè hàn

Inú òkùnkùn ni ọ̀fun wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa nílò iná tó mọ́lẹ̀, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ ahọ́n, àti aláìsàn tó gbà láti la ẹnu. Ọmọ ọdún 3 kì í gbà. Bí a bá sì rí i tán, pípọ́n náà ni gbogbo wọn ń pọ́n. Ojú lásán kò lè fi ọ̀fun tí fáírọ́ọ̀sì mú wú yàtọ̀ sí èyí tí bakitéríà mú wú. Ní ọdún 1981, Robert Centor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àmì mẹ́rin kalẹ̀ láti fi mọ ọ̀fun tí bakitéríà Streptococcus bà jẹ́: ibà, kókó ọrùn tó wú tó sì ń dunni, ohun funfun lára kókó ọ̀fun, àti àìsí ikọ́. Nínú àwọn tí àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé sí lára pàápàá, nǹkan bí ìdajì ni àyẹ̀wò bá bakitéríà náà lọ́fun wọn.

Láàbù ló lè ṣe ìdájọ́. Wọ́n á fi òwú nu ọ̀fun, wọ́n á gbin ohun tí òwú kó sínú àwo, wọ́n á sì dúró fún ọjọ́ 1 sí 2. Èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré. Ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Widal fún taifọ́ọ̀dù. Méjèèjì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, kòkòrò ibà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ pé ohun mìíràn pátápátá ló ń ṣe é, Widal náà sì máa ń mú ẹni tí kò ní taifọ́ọ̀dù. Aláìsàn á gba ìwé tó sọ pé ibà àti taifọ́ọ̀dù ni, á lo oògùn méjèèjì tán, ọ̀fun rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà.

Ibà Lassa

Ọ̀fun dídùn wà nínú ìtàn ibà Lassa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, àìsàn kọlu Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọ Brethren ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno òde òní. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn ún, lẹ́yìn náà ó di ọ̀fun. Nígbà tí dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò, egbò ló rí níbẹ̀. Oògùn apakòkòrò kò ràn án. Wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 26 oṣù náà. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, fi ìka tó ní egbò kékeré bá a nu ẹnu. Òun náà kú ní oṣù Kejì. Ẹni kẹta ni Penny Pinneo, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú Shaw. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì là á já.

Yunifásítì Yale ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí, níbi tí Sonja Buckley àti Jordi Casals ti rí fáírọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ rí. Casals kó àrùn náà níbi iṣẹ́. Wọ́n fa omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo sí i lára, ó sì yè. Juan Roman, òṣìṣẹ́ láàbù ní Yale kan náà, kó o pẹ̀lú, kò sì yè. Ní Jos, Jeanette Troup, dókítà tó tọ́jú àwọn aláìsàn wọ̀nyí, kó o níbi tó ti ń la òkú láti wá ìdí ikú, ó sì kú ní 1970. Orúkọ ìlú Lassa ni wọ́n fi sọ àrùn náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tó kan ilé ìwòsàn tí kò ní láàbù yọjú: báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún ibà? Ní ọdún 1987, Joseph McCormick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí wọn láti Sierra Leone jáde. Ohun tó tọ́ka sí Lassa jù lọ ni kí ibà, ọ̀fun dídùn, ìrora lẹ́yìn egungun àyà, àti purotéènì nínú ìtọ̀ pé sí ara ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀fun dídùn tún wà lára àmì tó ń sọ ẹni tí àìsàn náà máa le sí lára, pàápàá tí èébì bá tẹ̀ lé e. Nínú àmì mẹ́rin yẹn, ìtọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rì sínú rẹ̀ kò wọ́n, kò sì nílò iná mànàmáná. Ẹni tí wọ́n sọ pé belubelu ló ń ṣe, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, kò yẹ kó padà sílé láìjẹ́ pé wọ́n bi í ní ìbéèrè síwájú sí i.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tó ti ń bọ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Ìjẹ̀bú wà, kì í sí lára àwọn tí Lassa ti ń pọ̀ jù. Edo àti Òǹdó wà lára àwọn tó sábà máa ń ṣíwájú. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde wà lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin, ọ̀nà kan náà tó gba Ọrẹ̀ kọjá, tí èrò Ọ̀wọ̀ àti ti Edo ń tọ̀ lọ sí Èkó. Fáírọ́ọ̀sì náà lè wà lára ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ó tó mú un dùbúlẹ̀, nítorí náà ẹni tó kó o ní oko nítòsí Ọ̀wọ̀ lè ti ta ọjà tán, kó ti wá sìnkú ní Ìjẹ̀bú, kí ọ̀fun tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ní 2018, ènìyàn 633 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára wọn ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Irrua, ìpínlẹ̀ Edo, ló ti ń ṣe àyẹ̀wò náà láti 2008 pẹ̀lú àjọṣe ilé ìwádìí Bernhard Nocht ti Hamburg. Láàbù ti ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà ló súnmọ́ Ìjẹ̀bú ju tibẹ̀ lọ. Ribavirin ni oògùn tí wọ́n ń lò, ìwádìí 1986 láti Sierra Leone sì fi hàn pé agbára rẹ̀ pọ̀ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 6 àkọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kó o ló ń ṣàìsàn gidi: àjọ ìlera àgbáyé ka nǹkan bí 8 nínú 10 sí ẹni tí kò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Lára àwọn tó là á já, etí àwọn kan ń di.

Ọ̀rọ̀ gaàrí

Eku ọlọ́mú púpọ̀, Mastomys natalensis, ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì yìí kiri, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè ba oúnjẹ jẹ́. Láti ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ ti dé orí gaàrí, ohun tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fi lókìkí: gaàrí tó kúnná, tó kan, tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti fi omi tútù mu. Iyàn ṣì wà lórí bí ẹ̀bi gaàrí ṣe pọ̀ tó. Ohun tó dájú ni pé iná agbada tí wọ́n fi ń yan án ju ohun tí fáírọ́ọ̀sì náà lè fara dà lọ. Bí ewu bá wà, ẹ̀yìn yíyan ló wà, níbi tí wọ́n ti tẹ́ ẹ kó tutù, tàbí nínú àpò tí kò ní ìdérí lọ́jà. Àwọn kan gbà pé ọ̀nà yìí ṣe pàtàkì. Àwọn mìíràn tọ́ka sí ìwádìí láti Guinea, tó fi hàn pé àwọn tó ń pa eku tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ni àrùn náà súnmọ́ jù, wọ́n sì ní ẹ̀rí tó so gaàrí pọ̀ mọ́ aláìsàn kan pàtó kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. A lè sọ pé ó ṣeé ṣe. A kò lè sọ pé gaàrí ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ fi ń kó o. Ike tó ní ìdérí kò pa ẹnikẹ́ni lára, èrò yòówù kí ó borí.

Dífítéríà

Ní ti dífítéríà, awọ kan tó ní àwọ̀ eérú máa ń bo kókó ọ̀fun. Bí a bá fà á, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Ọrùn lè wú títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í ṣe awọ náà nìkan ló ń pani: májèlé tí bakitéríà náà ń tú jáde máa ń ba ọkàn àti iṣan jẹ́, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ọ̀fun ti san. Friedrich Löffler ló kọ́kọ́ gbin bakitéríà yìí ní láàbù ní 1884. Oògùn apamájèlé rẹ̀ ni Emil von Behring sì torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1901.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára lé e jìnnà débi pé ọ̀pọ̀ dókítà kékeré kò rí i rí. Ó padà wá. Ní 2011, ní abúlé Kimba ní Borno, ènìyàn 98 ló ṣàìsàn, 21 nínú wọn sì kú. Ní ìparí 2022 ó tún yọ ní Kano àti Èkó. Títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2023, NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ti ka 798 tó dájú, 782 nínú wọn ní Kano, ikú sì jẹ́ 80. Nínú àwọn 798 náà, 654 ni kò gba àjẹsára. Oògùn apamájèlé ṣọ̀wọ́n káàkiri àgbáyé, nítorí náà ohun tó kù ni kí a tètè fura, kí a má sì dúró de èsì láàbù. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ní ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀.

Ọ̀fun àti ọkàn

Ọ̀fun tí Streptococcus bà jẹ́ lè lọ, kí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá, kí oríkèé ọmọ náà wá máa wú, kí fáálù ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Ìdí yìí ni àwọn dókítà ọkàn fi ń sọ pé kí a má fi oògùn pẹnisílíìnì du ọmọ tí àmì rẹ̀ bá pé. Nígbà mìíràn ọyún máa ń dì sí ẹ̀gbẹ́ kókó ọ̀fun: ẹnu kò ní lè là, ohùn á dà bíi ti ẹni tó ní iṣu gbígbóná lẹ́nu. Iṣẹ́ abẹ kékeré ló ń yanjú rẹ̀.

Àwọn ìdí mìíràn

Ohun funfun tó bo ahọ́n àti ọ̀fun àgbàlagbà yẹ kó mú wa ronú nípa àyẹ̀wò HIV. Ẹni tí omi ń dẹ́rù bà, tí ọ̀fun rẹ̀ ń fún pọ̀ bó bá ti rí ife, bóyá ajá ti bù ú jẹ ló yẹ kí a bi í, nítorí dìgbòlugi. Egungun ẹja wà. Omi kíkan láti inú ikùn tó ń gòkè wá lálẹ́ wà. Ohùn tó há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lè jẹ́ jẹjẹrẹ. COVID-19 náà ń mú ọ̀fun. Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ará Italy tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ ní oṣù Kejì 2020 kí àyẹ̀wò tó mú un.

Àgbo, kẹ́míìsì àti abẹ

Nílé, orógbó, atare, oyin, atalẹ̀ àti omi iyọ̀ gbígbóná tí a fi ń yọ ẹnu ló wọ́pọ̀. Omi iyọ̀ àti oyin ń tu ọ̀fun lára lóòótọ́. Gígé belubelu lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kò jọ èyí: àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ti kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ọyún àti tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé e, belubelu kì í sì í ṣe ìdí ìrora náà.

Òfin kò gba kẹ́míìsì láyè láti ta oògùn apakòkòrò láìsí ìwé dókítà, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rà á. Fún ọ̀fun dídùn lásán, èrè rẹ̀ kéré. Àkójọ ìwádìí Cochrane fi hàn pé kì í gé ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ nínú ìrora. Fún Lassa, àdánù rẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ tó ń bá a lọ.

Ẹni tí kò lè dá itọ́ mì, tí mímí rẹ̀ ń dún, tí ọrùn rẹ̀ wú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni kó kọjú sí, tàbí ilé ìwòsàn olùkọ́ni Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó jókòó tó tẹ̀ síwájú, tó ń gbìyànjú láti mí, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣíbí tẹ ahọ́n rẹ̀ nílé láti wo ọ̀fun: ọ̀nà èémí tó ti wú lè dí lójú ẹsẹ̀.