Mercedes 300 SL: Kí ló dé tí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ yìí fi ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ?

Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ tó rẹwà jù lágbàáyé, ó ṣòro kí wọ́n má mẹ́nu ba Mercedes-Benz 300 SL. Òun ni ọkọ̀ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì máa ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní "Gullwing", ìyẹn ìyẹ́ ẹyẹ etíkun.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fáàrí ni ìlẹ̀kùn yẹn. Kì í ṣe fáàrí rárá, dandan ló gbé e dé.

Ẹ́ńjìnì kò lágbára tó, ara ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ fúyẹ́

Ogun Àgbáyé Kejì ba iléeṣẹ́ Daimler-Benz ní Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì, jẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sídìí eré ìje ọkọ̀ lọ́dún 1952, wọn kò ṣe ẹ́ńjìnì tuntun. Ẹ́ńjìnì lítà mẹ́ta tó wà nínú Mercedes 300, ọkọ̀ ńlá táwọn olóṣèlú ń gùn, ni Rudolf Uhlenhaut, ẹnjiníà wọn, ní láti lò. Ẹ́ńjìnì náà wúwo, agbára rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Ọgbọ́n tí Uhlenhaut dá ni pé kí ara ọkọ̀ fúyẹ́. Àwọn páìpù irin tín-ín-rín ni wọ́n jó pọ̀ mọ́ra bí àgò adìẹ, wọ́n sì fi ṣe férémù. Ó fúyẹ́, ó sì le gírígírí. Àmọ́ kó tó lè le bẹ́ẹ̀, àwọn páìpù náà gbọ́dọ̀ ga sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, níbi tó yẹ kí ìlẹ̀kùn wà gan-an. Ẹni tó bá gé wọn kí ìlẹ̀kùn lè ráyè, ó ti ba férémù jẹ́ nìyẹn. Ni wọ́n bá gbé ìlẹ̀kùn lọ sókè, wọ́n so ó mọ́ òrùlé ọkọ̀.

Wọ́n tún dá ẹ́ńjìnì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè relẹ̀, kí atẹ́gùn má bàa dá ọkọ̀ dúró. Orúkọ SL náà, "Super-Leicht" lédè Jámánì, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó fúyẹ́ gan-an.

Igún fọ́ gíláàsì, síbẹ̀ wọ́n borí

Lọ́dún 1952 yẹn kan náà, ọkọ̀ yìí gba ipò kìíní nínú ìdíje oníwákàtí 24 ti Le Mans, ní Faransé. Nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n gbé e lọ sí ìdíje Carrera Panamericana ní Mẹ́síkò. Níbẹ̀ ni igún kan ti já lu gíláàsì iwájú ọkọ̀ tí Karl Kling ń wà, tó sì ṣe Hans Klenk, ẹni tó jókòó tì í, léṣe. Wọ́n pààrọ̀ gíláàsì, wọ́n fi ọ̀pá irin sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì tún gba ipò kìíní.

Bó ṣe di ọkọ̀ títà

Max Hoffman, oníṣòwò ọkọ̀ ní New York, ló rọ iléeṣẹ́ náà pé àwọn olówó Amẹ́ríkà máa ra irú ọkọ̀ yìí. Ìlú New York náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han aráyé, nínú oṣù Kejì ọdún 1954.

Dípò kàbúrétọ̀, pọ́ǹpù Bosch ló ń tú epo bẹntiróò sínú sílíńdà tààrà. Ẹ́ńjìnì tó ní agbára 115 horsepower nínú ọkọ̀ àwọn olóṣèlú di bíi 215. Eré rẹ̀ lè tó 260 kìlómítà ní wákàtí kan, bí jíà tí wọ́n fi sí i bá ṣe rí. 1,400 péré ni wọ́n ṣe títí di ọdún 1957, 29 nínú wọn ló sì ní ara alumíníọ́mù.

Ẹwà yìí ní wàhálà tirẹ̀

Àwọn àgbà a máa pe Benz ní "mẹ̀sí ọlọ́yẹ́". Èyí kò ní ọyẹ́ kankan. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í wálẹ̀, inú ọkọ̀ sì máa ń gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti gbé ẹsẹ̀ ga kọjá páìpù, ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe sítíárìn rẹ̀ kó lè ṣeé tẹ̀.

Ewu tún wà níbẹ̀. Bí awakọ̀ bá dín eré kù lójijì ní kọ́nà, ìdí ọkọ̀ lè gbá yí po. Bí wọ́n bá sì pa ẹ́ńjìnì, pọ́ǹpù ṣì ń tú epo títí tí ẹ́ńjìnì á fi dúró pátápátá. Epo tí kò jó yẹn á fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, á sì dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà, ọ́ìlì á gbóná, epo náà á sì gbẹ kúrò. Bó bá jẹ́ ìrìn ránpẹ́ ló ń rìn, inú ẹ́ńjìnì á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo nǹkan bí 1,600 kìlómítà.

Lọ́dún 1957, Roadster, èyí tí kò ní òrùlé líle, rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tún férémù ṣe, àwọn páìpù ẹ̀gbẹ́ relẹ̀, ìlẹ̀kùn sì padà ń ṣí bíi ti ọkọ̀ yòókù. Nígbà tí dandan kúrò níbẹ̀, ìyẹ́ náà kúrò.

Ọkọ̀ tó yẹ kó máa rìn

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwọn alumíníọ́mù 29 yẹn ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ dọ́là. Irú owó bẹ́ẹ̀ lè mú kí olówó tì í mọ́lé bíi wúrà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí ìrìn jíjìn ń tún ṣe kì í ṣe ohun àtìmọ́lé. Àwọn tó mọyì rẹ̀ dáadáa ṣì ń gbé e jáde, wọ́n ń jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná, wọ́n sì ń rọra ní kọ́nà.