ỌLỌ́RUN KÒ BÁ ỌKỌ̀ OJÚ OMI DÉ ILẸ̀ ỌSIRÉLÍÀ

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Láti ìgbà tí a ti ń gbàdúrà fún àwọn orílẹ̀-èdè nínú ìpàdé wa ni ìbéèrè kan ti ń padà wá. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Jésù rí kí òyìnbó tó dé, ṣé Ọlọ́run kò sí lọ́dọ̀ wọn ni? Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n ní, ti èṣù ni? Tí wọ́n bá wá gbàgbọ́, kí ni kí wọ́n kó dànù, kí ni kí wọ́n mú dání? Ta ló sì yẹ kó bá wọn yàn án? A fẹ́ fi ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà dáhùn, torí pé ìbéèrè yìí ti jó wọn lára gan-an.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1788. Ní January 26 ọdún náà, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹlẹ́wọ̀n láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Sydney Cove. Àlùfáà kan wà láàrin wọn, Richard Johnson lorúkọ rẹ̀. February 3 ló ṣe ìsìn àkọ́kọ́. Bí àwọn kan ṣe máa ń sọ ìtàn náà, ẹ óò rò pé ọjọ́ yẹn ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Àmọ́ ilẹ̀ náà kò ṣófo o! Àwọn tí òyìnbó pè ní Aborígínì ti wà níbẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ ju 250 lọ. Àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun ìgbàanì sọ pé ó ju 50,000 ọdún lọ tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀.

Kí ni wọ́n gbà gbọ́? Bí èdè wọn kò ṣe jẹ́ ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ wọn kò jẹ́ ọ̀kan. Ohun tó wọ́pọ̀ láàrin wọn ni pé ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn baba ńlá alágbára kan rin ilẹ̀ náà já, ibi tí wọ́n bá gbà ni òkè, odò àti àpáta ti yọ. Wọ́n fi orin sílẹ̀, wọ́n fi òfin ìgbéyàwó àti ojúṣe olúkúlùkù sílẹ̀. Òyìnbó pe èyí ní Dreaming, ìyẹn àlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlá orí ẹní rárá. Lójú tiwọn, ìpilẹ̀ṣẹ̀ yẹn kò tíì kọjá. Ó ṣì wà nínú ilẹ̀, nínú orin, nínú ara ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń sọ pé àwọn kọ́ ló ni ilẹ̀, ilẹ̀ ló ni àwọn. Tí a bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oko nìkan la gbà. A ti gba ilé ìsìn rẹ̀, òfin rẹ̀ àti ibojì àwọn baba rẹ̀ pa pọ̀.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tó gbé Bíbélì wá náà ló gbé ìbọn wá, àwọn tó ń gba ilẹ̀ sì ń pe ara wọn ní Kristẹni.

Ẹ wo Lancelot Threlkeld, míṣọ́nnárì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè adágún Macquarie, lápá àríwá Sydney, ní 1825. Ọmọ onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Biraban ló kọ́ ọ ní èdè Awabakal. Àwọn méjèèjì jọ jókòó ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi túmọ̀ Ìhìnrere Lúùkù. Threlkeld ò dákẹ́ o. Ó kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń pa àwọn ènìyàn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di 1841, ibùdó náà ti kógbá sílé, torí àìsàn, ìpànìyàn àti gbígba ilẹ̀ ti jẹ́ kí àwọn tó kù níbẹ̀ kéré jọjọ. Ọdún 1892 ni wọ́n tó tẹ Lúùkù yẹn jáde. Ìwé dé, àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́ láti kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà lónìí. Ẹ̀yin ará, ẹ dúró lórí ìyẹn díẹ̀ ná.

Kò tán síbẹ̀. Ìjọba gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, àwọn ibùdó ìjọ sì wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí. Wọ́n tò wọ́n sí dọ̀mítírì, ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti sọ èdè ìyá wọn. Ìwádìí tí ìjọba Ọsirélíà gbé jáde ní 1997 fi hàn pé láàrin 1910 sí 1970, iye ọmọ tí wọ́n gbà lọ wà láàrin ọ̀kan nínú mẹ́wàá àti ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ní February 13, 2008, olórí ìjọba, Kevin Rudd, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó tọrọ ìdáríjì. Nítorí náà, tí ọmọ onílẹ̀ kan bá gbọ́ "Jésù" tó sì fajú ro, kí a má yára pe ìyẹn ní ẹ̀mí òdì. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ Jésù fún ìyá ìyá rẹ̀ náà ló gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n jókòó láti gbọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ní àárín gbùngbùn aṣálẹ̀ Ọsirélíà, àwọn ará Jámánì tí í ṣe ọmọ ìjọ Luther dá ibùdó Hermannsburg sílẹ̀ ní 1877 láàrin àwọn Arrernte. Carl Strehlow dé ibẹ̀ ní 1894, ó sì lò ó títí tó fi kú ní 1922. Ó túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun. Moses Tjalkabota, ọmọ Arrernte, wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Ojú Moses fọ́ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n orí ló fi ń ka Ìwé Mímọ́, ó sì rìn jìnnà nínú aṣálẹ̀ láti wàásù fún àwọn èèyàn rẹ̀.

Orúkọ wo ni wọ́n wá pe Ọlọ́run ní èdè náà? Altjira. Àwọn onímọ̀ kan bíi Baldwin Spencer ta kò ó, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ àlá àti ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀. Strehlow ní lọ́dọ̀ àwọn Arrernte, ó jẹ mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò dá. Òun náà ló tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú ìtàn wọn, Altjira ń gbé ojú ọ̀run, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti emu, ẹyẹ ńlá tó jọ ògòǹgò, kò sì bìkítà fún ọmọ ènìyàn. Ṣé ẹ rí i? Orúkọ wà, ìfẹ́ ni kò sí níbẹ̀. Ìhìnrere ló wá wí pé Ẹni náà fẹ́ràn ayé dé ibi pé ó fi Ọmọ rẹ̀ lélẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó bínú sí wọn, kó ṣí Bíbélì tirẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì wa, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, wọn ò kó orúkọ òyìnbó wá bá wa. Ọlọ́run, tí àwọn baba wa ti ń pè kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, ni wọ́n kọ. Wọ́n tún mú Èṣù fún Sátánì, ìjà ìyẹn kò sì tíì tán títí dòní. Kò sí ẹni tó túmọ̀ Bíbélì tí kì í yà nǹkan kan sọ́tọ̀. Ìbéèrè ni pé ta ló ń yà á.

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti Yirrkala, ní Arnhem Land, lápá àríwá. Àwọn Yolngu ló ń gbé ibẹ̀. Nínú òfin wọn, apá méjì ni gbogbo nǹkan pín sí, Dhuwa àti Yirritja: ènìyàn, ẹranko, omi, ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn àgbà apá méjèèjì kun pákó ńlá méjì, tó ga ju ènìyàn lọ fíìfíì. Wọ́n ya ìtàn bí ilẹ̀ wọn ṣe wáyé sí i, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ méjèèjì ní 1963. Edgar Wells, alábòójútó ibùdó nígbà náà, gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọdún kan náà, ìjọba yọ lára ilẹ̀ wọn fún àwọn tó fẹ́ wa bauxite, wọn ò bi wọ́n. Àwọn Yolngu tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ ní èdè tiwọn àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo igi tí wọ́n kùn lọ́dà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Iṣẹ́ ìwakùsà kò torí ẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn wà lára ohun tó la ọ̀nà fún òfin ilẹ̀ ti 1976.

Pákó ìnú ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ní 1974, ìjọ kó wọn síta, wọ́n ní òrìṣà ni. Ní 1978, àwọn tó ń ṣètò ilé iṣẹ́ ọnà ìlú náà lọ gbé wọn padà. Inú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yirrkala ni wọ́n wà báyìí. Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn tó kun pákó yẹn wà níbẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n kùn àti ìdí tí wọ́n fi gbé e sẹ́bàá pẹpẹ. Ẹni tí kò ka èdè náà ló dájọ́ rẹ̀.

Àbí wọn ò lè yẹ nǹkan wọn wò fúnra wọn ni? Wọ́n lè ṣe é, wọ́n sì ti ṣe é. Ní Galiwin'ku, erékùṣù kan ní Arnhem Land kan náà, àwọn aṣáájú Yolngu kó àwọn ohun mímọ́ tí obìnrin àti ọmọdé kì í fojú kàn jáde ní 1957. Wọ́n gbé wọn sí gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi àgbélébùú sí ara ọ̀kan. Míṣọ́nnárì kọ́ ló pàṣẹ fún wọn. Wọ́n ń wí pé: ohun tí a ní rèé, a ò fi pamọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí tiwa àti ti Kristi jọ dúró, kí ẹ̀yin náà sì bọ̀wọ̀ fún wa.

Ọdún 22 lẹ́yìn náà, ní March 14, 1979, iná sọ. Ilé Djiniyini Gondarra, ọmọ Yolngu tó jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ níbẹ̀, ni wọ́n kóra jọ sí lálẹ́ láti gbàdúrà, Ẹ̀mí Mímọ́ sì bà lé wọn. Alaalẹ́ ni wọ́n ń pàdé lẹ́yìn ìyẹn. Ìsọjí náà tàn ká Arnhem Land, láàrin ọdún díẹ̀ ó dé Warburton àti àwọn ìletò inú aṣálẹ̀ ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Ẹ̀mí kì í bà lé ilẹ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀, ẹ tún Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 10 kà. Pétérù ò tíì sọ̀rọ̀ tán nílé Kọ̀nílíù tí Ẹ̀mí fi bà lé wọn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ onílẹ̀ tó jẹ́ Kristẹni bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tiwọn sílẹ̀. Ní 1997, àwọn àgbà kan ní Queensland, tí pásítọ̀ George Rosendale wà lára wọn, gbé ìwé jáde. Wọ́n ní Ẹ̀mí Ẹlẹ́dàá ti wà nínú ilẹ̀ náà, ó ti ń bá àwọn baba wọn sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó dé, àti pé Kristi kan náà ni. Ní 2009, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ Uniting Church fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun fún ìwé òfin ìjọ wọn, tó jẹ́wọ́ ohun tó jọ èyí. Gbogbo ọmọ onílẹ̀ kọ́ ló gbà á o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn tó jẹ́ Pẹntikọ́sì bíi tiwa, ní àwọn ò ní bá ètùtù àtijọ́ ṣe mọ́, torí ìgbàgbọ́ ló tú àwọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rù oògùn àti ẹ̀san ẹ̀jẹ̀.

Ibo wá ni àwa dúró sí? A ò gbà pé ìtàn àwọn baba ńlá wọn lè rọ́pò àgbélébùú. Ilẹ̀ dára, Ọlọ́run ló dá a, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini. Síbẹ̀, Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Lísírà, ní Ìṣe 14, pé Ọlọ́run kò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹ̀rí láàrin orílẹ̀-èdè kankan. A gbà á bẹ́ẹ̀. Ìṣe 15 sì wà níbẹ̀: àwọn àpọ́sítélì kò di ẹrù àṣà Júù lé àwọn Kèfèrí lórí, wọn ò sì sọ pé kí wọ́n máa jẹun òrìṣà lọ. Apá méjèèjì ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ ká dì mú.

Ohun tí ìtàn Ọsirélíà kọ́ wa ni pé ajọ̀ kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ àlejò nìkan. Ẹni tó mọ èdè, tó mọ ilẹ̀, tó sì ti pàdé Kristi, tí Ìwé Mímọ́ wà lédè rẹ̀, òun ni kó jọ̀ ọ́. Ọdún 2007 ni odindi Bíbélì tó jáde ní èdè kan tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ń sọ, èyíun Kriol. Ọdún 219 lẹ́yìn ìsìn àkọ́kọ́ yẹn! Wọ́n ti dájọ́ fún àwọn ènìyàn náà fún ọdún 219 kí wọ́n tó fi odindi ìwé ìdájọ́ lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń múra láti lọ sí pápá míṣọ́n, ẹ kọ́ èdè kí ẹ tó wàásù. Ẹ béèrè ohun tí ẹ rí kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ má bá ẹni tó ń gba ilẹ̀ jẹun, kí ẹ wá gbé Bíbélì lọ bá ẹni tó gba ilẹ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bá wa dárúkọ wọn nínú àdúrà: Yirrkala, Galiwin'ku, Hermannsburg, àti àtọmọdọ́mọ àwọn Awabakal. Kí Olúwa wo àwọn tí ọgbẹ́ wọn ti ọwọ́ ìjọ wá sàn. Kó rán wa níṣẹ́, kó sì fún wa ní etí kó tó la ẹnu wa. Ní orúkọ Jésù.

Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀, ẹ má bú ara yín o. Ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra láti lọ wàásù nílẹ̀ òkèèrè. Àlàáfíà Kristi fún gbogbo yín.