Àkọlé, Àmì Ohùn àti Títo Ìmọ̀ Jọ Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì: Àyẹ̀wò Onítàn láti Ọ̀jọ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ nìkan. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ tún rí lọ́la, a gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ tí yóò mú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò bí àwọn ènìyàn ṣe ń to ìmọ̀ jọ, bí wọ́n ṣe ń lẹ àkọlé mọ́ ọn, àti bí wọ́n ṣe ń pín in láàárín ara wọn, títí di ayé íńtánẹ́ẹ̀tì. Èrò wa ni pé àkọtọ́ ti di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí fún àwa tí a ń kọ èdè Yorùbá, àti pé olùkọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mójú tó o.

Orúkọ ìlú Ọ̀jọ́ gan-an tó fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbà tàbí ní Òkokomáìkó bá tẹ lẹ́tà mẹ́ta náà láìsí àmì kankan, kí ni ó ń wá? Ó lè jẹ́ òjò tí ń rọ̀, ó lè jẹ́ ojo tí ẹ̀rù ń bà, ó lè jẹ́ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ó lè jẹ́ Òjó tí í ṣe orúkọ àmútọ̀runwá, ó sì lè jẹ́ ìlú tí ó ń gbé.

Títo Ìmọ̀ Jọ Kí Íńtánẹ́ẹ̀tì Tó Dé

Kì í ṣe òní ni a ti ń to ìmọ̀ sábẹ́ àkọlé. Ojú odù 16 àti ọmọ odù 240 ni ó wà nínú Ifá, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 256. Ẹsẹ Ifá pọ̀ lọ jàra, síbẹ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní odù tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àmì tí babaláwo bá tẹ̀ sójú ọpọ́n ni ó ń darí rẹ̀ sí ẹsẹ tí yóò kì. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Melvil Dewey tẹ ètò tirẹ̀ jáde ní ọdún 1876, ó sì pín gbogbo ìmọ̀ inú ìwé sí ọ̀nà mẹ́wàá fún ìlò ilé-ìkàwé. Ohun tí ètò méjèèjì fi jọra ni pé ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó ń mọ ibi tí nǹkan yẹ kí ó wà. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí àlejò ṣe ń béèrè ọ̀nà ní ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́ kí ó tó dé ìlà àwọn tí ń ta tẹlifíṣọ̀n.

Ìyípadà Láti Ọdún 2001

Ọdún 2001 ni Wikipedia bẹ̀rẹ̀, ọdún náà ni fóònù GSM sì dé Nàìjíríà. Ní ọdún 2003, Joshua Schachter dá Delicious sílẹ̀. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀rọ̀ tí ó wù ú sàmì sí ojú-ewé tí ó bá fẹ́ tún rí, àwọn ẹlòmíràn sì lè gba ojú ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀. Flickr ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwòrán láti ọdún 2004. Ọdún yìí kan náà ni Thomas Vander Wal sọ àṣà yìí ní folksonomy, ìyẹn ni pé ará ìlú fúnra wọn ni ó ń to ìmọ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹjọ, ọdún 2007, Chris Messina dá a lábàá pé kí á máa fi àmì # ṣáájú ọ̀rọ̀ lórí Twitter, kí ọ̀rọ̀ tí ó jọra lè máa wà lójú kan.

Àwa náà kò gbẹ́yìn. Wikipedia ní ẹ̀dà Yorùbá, níbi tí a ti ń to àwọn àyọkà sábẹ́ ẹ̀ka. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2012, àwọn ọmọ Yorùbá fi #TweetYoruba pe ara wọn jọ láti kọ èdè wọn lórí Twitter. Ní ọdún 2015, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé YorubaName.com kalẹ̀, níbi tí ará ìlú ti lè fi orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ kún ohun tí ó wà nílẹ̀.

Ibi Tí Ìṣòro Wà

Ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní ọdún 1875. Ní ọdún 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá "ayé" lè má rí ìwé àtijọ́ tí ó kọ "aiye", ẹni tí ó sì ń wá "ènìyàn" lè má dé ọ̀dọ̀ "enia".

Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá tún dá tirẹ̀ sí i. Nínú ètò Unicode tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní; ńṣe ni a ń fi àmì ohùn kún un. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò kíkán. Lójú ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àmì # pẹ̀lú kò gba àlàfo, nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ a máa lẹ̀ pọ̀, a sì máa ṣòro kà.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ ìṣàwárí òde-òní a máa fojú fo àmì, pé kí ni à ń da ara wa láàmú sí? Òótọ́ ni pé èyí ń ràn wá lọ́wọ́ láti rí nǹkan. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá kó òjò, ojo àti ọjọ́ wá pọ̀, àwárí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì parí. Èyí tí ó burú jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ohun tí ó ń wá yóò gbà pé Yorùbá kò ní ìmọ̀ kankan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ó jẹ́ pé àkọlé ni ó ṣì í lọ́nà.

Ìkádìí

Àbá wa fún àwọn olùkọ́ kò nira. Kí á fi àmì ohùn sí àkọlé iṣẹ́ wa bí ó ti yẹ, kí á sì kọ ọ́ láìsí àmì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè tẹ àmì má baà pàdánù. Kí á kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ìlú àti ọdún mọ́ ọn. Bí ìwé bá jẹ́ ti àtijọ́, kí á fi àkọtọ́ àtijọ́ àti ti òde-òní síbẹ̀. Láti ọdún 1983 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọ̀jọ́. Iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ ní èdè Yorùbá yẹ ní rírí. Ọmọ tí a kò bá sọ lórúkọ dáadáa, bí a pè é títí, kò ní mọ̀ pé òun là ń pè.